Ẹ Ṣe Kíá, Daddy Ń Kọ̀wé

Àwọn tó bá rí ìwé mi máa ń bi mí pé ibo ni mo ti rí àyè kọ ọ́. Mo mọ ìdáhùn tí wọ́n ń retí. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé mo ní yàrá kan tí mo máa ń ti ara mi mọ́, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún, tí kọfí ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N ò ní yàrá kankan. Ìdajì ìwé náà, inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa láti Ajax lọ sí Union Station ni mo ti fi àtàǹpàkò méjèèjì kọ ọ́ sórí fóònù. Apá kan nínú èyí tó kù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ọmọ mi ti ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni mo ti kọ ọ́, tí kẹ́míkà inú omi ń ta mí lójú bí ẹni ń gé àlùbọ́sà. Ìyókù, ìdí tábìlì ìjẹun wa ni, láàárín agogo méje sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ kan wà lọ́tùn-ún mi, tí ìkejì wà lósì.

Ìdí tábìlì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí ju àárò ìwé náà lọ. Ó tún ń tì mí lójú, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, àbúrò rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn, ní ilé ìwòsàn kan ní Scarborough, wákàtí méjìlá ni shift rẹ̀, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan láàárín ìgboro Toronto, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún mi kí n máa sọ fún àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n sì tún un tàn. Ẹnu ọ̀nà ni èmi àti ìyàwó mi ti máa ń pàdé jù. Bí ọ̀kan bá ṣe ń bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀ ni èkejì ń wọ tirẹ̀. Á ní, "Ẹ̀wà wà nínú fridge, èyí kékeré ò sùn lọ́sàn-án o." Èmi á ní, "Rọra wakọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀." Bí máìgádì méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn la ṣe ń gbé ilé.

Ìtàn télọ̀ kan ní Ẹdẹ ni mò ń kọ. Télọ̀ ni bàbá mi, ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n mo gbé ti inú ìwé lọ sí Ẹdẹ kí àwọn ẹbí má baà máa wá ara wọn kiri inú ẹ̀. Wọ́n ṣì wá ara wọn, wọ́n sì rí ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gbogbo oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ló ń sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà. Ìgbà tí mo yí i sí Yorùbá ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìwé náà fẹ́ di ìwé.

Òǹtẹ̀wé kan tí mo fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí nílé dá mi lóhùn pé ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá kà á fún ìdánwò, ta ni yóò rà á? Kò purọ́ fún mi. Mo ní kò burú, màá tẹ ìwé mi fúnra mi. Bí àwọn ará ìjọ wa bá sì bi mí pé kí ni mò ń yọ ara mi lẹ́nu fún, mo ní èsì kan tí mo máa ń fi yangàn. Mo máa ń ní, "Nítorí àwọn ọmọ yìí ni. Kí wọ́n má baà gbàgbé ilé." Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fún mi ṣe. Èmi fúnra mi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ pátápátá.

Inú ọkọ̀ ojú irin dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kì í sábà sọ ọ́. Láàárọ̀ ìgbà òtútù, gbogbo èèyàn á ti sùn padà kí a tó kúrò ní Ajax, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ á gbẹ sára bàtà wọn. Tí a bá kọjá Rouge Hill, adágún á yọ sí wa lápá òsì, oòrùn á máa là lórí omi lẹ́yìn wa. Èmi nìkan ni mi ò ní wò ó, nítorí télọ̀ mi. Fóònù mi ò gbọ́ Yorùbá, bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan, á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì lójú mi kòrókòró, mà á sì máa bá a jà dé Union.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó jókòó tì mí, tí mo rò pé ó ń sùn, tọ́ èjìká mi.

"Ẹ má bínú, sir," ó ní. "Ṣé ìyàwó yẹn padà rí aṣọ ẹ̀ gbà?"

Ó ti ń ka fóònù mi láti Pickering. Mo ní mi ò tíì mọ̀, pé ibẹ̀ ni mo dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rí i gbà, jọ̀ọ́. Wọn kì í fi aṣọ ìgbéyàwó ṣeré." Ó sọ̀ kalẹ̀, mi ò tún rí i mọ́. Mo jẹ́ kí ìyàwó náà rí aṣọ rẹ̀ gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ló lógun. Tí mo bá ti gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa tọ́jú wọn lẹ́yìn ilé ìwé, a óò fi ẹsẹ̀ rìn délé, àgbà á máa ta yìnyín nípàá, kékeré á jókòó lé mi léjìká. Mà á bọ́ ṣòkòtò yìnyín méjì, ìbọ̀wọ́ mẹ́rin, fìlà méjì. Mà á gbé oúnjẹ kaná. Agogo méje ni mo máa ń nu tábìlì, mà á gbé laptop mi sí i. Homework á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kírẹ́yọ̀ á wà lọ́wọ́ òsì. Wákàtí kan péré ni mo ní kí n tó gbé wọn lọ sí balùwẹ̀. Bí ẹni gbé garawa sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó fẹ́ lọ ni mo ṣe máa ń jókòó ti wákàtí yẹn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Yorùbá nìkan là ń sọ nínú ilé. Òfin mi ni. Àgbà gbọ́ ọ dáadáa, débi pé ó fi ń bá mi jà lórí ẹran. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á dé àárín, á dúró, á máa wá ọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Ṣebí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù á dúró, ọmọ á rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, a óò máa bá ìgbésí ayé wa lọ. Wákàtí kan ni mo ní.

Mo rántí ọjọ́ kan láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ tó jọ ara wọn.

"Daddy, ní school lónìí, ọ̀rẹ́ mi... ó jábọ́ láti orí... láti orí..."

Ọwọ́ mi wà lórí laptop. Télọ̀ mi fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti rí ohun tó máa bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, mi ò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Láti orí kí ni?"

"Láti orí... nǹkan tí a máa ń fi ọwọ́ dì mú, tí ó..."

"Oya, just say it in English. Quick."

"She fell off the monkey bars and she didn't even cry."

"Ehn-ehn. Very good."

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ọmọ ti sọ tẹnu ẹ̀, èmi sì rí gbólóhùn mi mú kó tó fò lọ. Inú mi dùn. Mo ń sọ òtítọ́ fún yín, inú mi dùn bí ẹni tó rí ọ̀nà àbùjá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gba ọ̀nà àbùjá yẹn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, títí tí kò fi wá dúró dè mí kí n sọ ọ́ mọ́. Bó bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ pẹ́, òun fúnra rẹ̀ á sáré bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí àbúrò rẹ̀ bá wá ń fi ẹnu ọmọdé ro ẹjọ́ tirẹ̀, àgbà á na ìka sí i, á gbé ohùn mi wọ̀: "Ẹ ṣe kíá, Daddy ń kọ̀wé." Èmi àti ìyá wọn rẹ́rìn-ín sí i títí. A tilẹ̀ ní kó tún un sọ lórí fóònù fún ìyá mi nílé.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift òru dé ní àárọ̀ Sátidé kan, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń wò wá.

"Daddy," ó ní, "ẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ yìí ju tẹ́lẹ̀ lọ o."

"Jẹ́ kí n parí chapter yìí ná."

"Ẹ ti ń parí ẹ̀ láti Easter."

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn ń rò pé bí ìwé náà bá ti parí, gbogbo nǹkan á padà sáyè rẹ̀. Mo rò pé ọmọ máa ń dúró sójú kan deni.

Mo parí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún kan, nínú ọkọ̀ ojú irin tó dúró sójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú nítorí yìnyín. Gbogbo èèyàn ń kanra. Mo fi fìlà bo ojú, mo sunkún díẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀. Mo rò pé ìṣòro ti tán. Ẹni tó bá ti tẹ ìwé ara rẹ̀ rí ń rẹ́rìn-ín mi báyìí. Gbígba nọ́ńbà tí ìwé gbọ́dọ̀ ní rọrùn, ìjọba ibí ló ń fúnni. Àwòrán iwájú ìwé gba oṣù méjì, nítorí ẹni tó yà á ò rí máṣíìnì ìránṣọ tó ń lo ẹsẹ̀ rí, ó sì ń ya èyí tó ń lo iná. Mo gbé gbogbo ẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára àwọn tó ń tẹ̀wé fúnni ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ẹ̀dà àyẹ̀wò kan ránṣẹ́. Mo ṣí i. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní àmì lórí, tí ó tún ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, àpótí kékeré òfìfo ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

Àgbà wo ojú ìwé náà títí. "Daddy," ó ní, "your book has so many windows."

Oṣù mẹ́rin ni mo fi dí fèrèsé. Ẹ̀dà àyẹ̀wò mẹ́ta ló wá, ó lọ. Mo ń gbé laptop lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ, sí ọ́fíìsì dókítà eyín, sí inú mọ́tò níwájú ilé ìjọsìn. Lára àwọn nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin yẹn ni pé eyín iwájú méjì yọ lẹ́nu àgbà, òmíràn sì hù. Inú fọ́tò ni mo ti rí i dáadáa.

Nígbà tí páálí ìwé dé, àwọn ọmọ ló já a. Kékeré ń gbóòórùn ìwé kan bí ẹni ń gbóòórùn búrẹ́dì. Àgbà ṣí tirẹ̀, mo sì fi ojú ìwé àkọ́kọ́ hàn án, níbi tí mo kọ ọ́ sí: Fún àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì, kí ilé má baà jìnnà sí wọn.

"Ẹ̀yin nìyẹn," mo ní. "Èmi ló kọ ọ́ fún yín."

Ó tẹjú mọ́ ọn. "What does it say?"

Mo sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan kan gún mi láyà, ṣùgbọ́n fóònù dún, ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe meat pie fún ìkójáde ìwé ni, mo bá gbé e.

Gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn wa ní Scarborough la lò, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday kan. Nǹkan bí ogójì èèyàn dúró. Ẹni tó yẹ ìwé wò fún wa ni Mummy kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé l'Abẹ́òkúta kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Richmond Hill. Gbogbo ìjọ ló ń pè é ní Mummy. Mummy ka ìwé náà láti páálí dé páálí, wọ́n sọ èyí tó dára, wọ́n sọ èyí tí kò dára, wọn ò sì fi ọ̀kankan pamọ́ fún mi. Mo ti ń rò pé ó ti tán. Mummy bá ní kí n pe ọmọ mi àgbà jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà, bí a ti kọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mummy fà á mọ́ra.

"Ọmọ dáadáa. Ìwọ ni wọ́n kọ ìwé yìí fún. Ó yá, sọ fún wa, kí ni Daddy ẹ kọ síbẹ̀?"

"Ó kọ... wọ́n kọ nípa bàbá kan," ó ní. "Bàbá náà ń... ó máa ń..."

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó ń wá. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni, rán aṣọ ni, mo sì fẹ́ bá a sọ ọ́.

"Má kánjú," Mummy ní. "A ò lọ síbì kankan. À ń gbọ́ ẹ."

Ọmọ náà ò wo Mummy. Èmi ló wò, ó yára wò mí, bí ẹni ń wo aago. Ó wá tẹríba sí Mummy, ó ní, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ilé tó pé:

"It's okay, Ma. I can just do it in English. My daddy doesn't have time to wait."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, ọmọdé ló sọ̀rọ̀, wọ́n sì rò pé àwàdà ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà la eyín. Mummy nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí, wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní kí a máa pín meat pie. Mo fọwọ́ sí ìwé fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rántí ẹni kankan tí mo fọwọ́ sí i fún.

A ń wakọ̀ padà lọ sí Ajax, àwọn ọmọ ti sùn lẹ́yìn. Bí a ṣe kúrò ní Scarborough ni ìyàwó mi bi mí.

"Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ yẹn sọ?"

"Mo gbọ́."

"Mi ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́ lónìí. Ọjọ́ yín ni."

"Mo ti gbọ́, jàre."

Mo fi ohùn líle dá a lóhùn, kò sì ṣẹ̀ mí. Ó gbé ojú sí fèrèsé. Bàbá mi ni mo ń rò. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Àdó, abẹ́ tábìlì ni mo máa ń wà tí mo bá ti ilé ìwé dé, mà á máa ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Aṣọ ọdún á kún ilẹ̀, àwọn oníbàárà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa gégùn-ún fún un. Bí mo bá pè é, "Bàbá," á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ariwo á dákẹ́. Á wò mí títí mà á fi sọ̀rọ̀ mi tán, bó ti wù kí ó gùn tó, bó ti wù kí ó jẹ́ ìranù tó. Lẹ́yìn náà ni máṣíìnì á tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ojú ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì kọ ìtàn ọkùnrin yìí, mo kọ bó ṣe ń di òwú mú, mo kọ bó ṣe ń fi eyín gé e. N ò kọ èyí. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá títí di ìgbà tí mo wà nínú mọ́tò yẹn.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì. Mo dá a dúró. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ara mi jìyà, mo kàn mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ ni: bí laptop bá wà lórí tábìlì, inú ẹ̀ ni mà á wà. Láti ọjọ́ Monday tó tẹ̀ lé e, láàárín agogo méje sí mẹ́jọ, ìwé tí mo tẹ̀ ni mo máa ń gbé sórí tábìlì, tí mà á kà á sókè fún wọn ní ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìkankan nínú wa ò ní bá a parí rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó dùn lọ́jọ́ kìíní. Kékeré ń béèrè pé ṣé télọ̀ náà ní ajá, nígbà tí mo sì ní kò ní, ó ní kí n fi ajá kan sí i. Àgbà ká apá mọ́ àyà. Gbogbo ìbéèrè tí mo bá fi Yorùbá bi í, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, kúkúrú, bí ẹni ń dá olùkọ́ tí kò fẹ́ràn lóhùn. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ó dùn mí, mi ò sì ní ẹnu láti fi bá a wí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, wọ́n ń wí, èmi sì kọ́ tèmi dáadáa. Mo kọ́ ọ pé kó ṣe kíá.

Síbẹ̀, àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo máa ń rántí jù báyìí. Ìgbà òtútù méjì ni ó gbà wá. Yìnyín á máa já lẹ́yìn fèrèsé, dòdò á máa dún nínú òróró, ìyá wọn, tí kò bá ní shift, á máa fetí sí wa láti ìdí sítóòfù, á sì máa bá àwọn èèyàn inú ìwé jà. "Irọ́ ló ń pa," á wí fún oníbàárà kan, "kò sanwó yẹn." Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ìwé mi ṣe rí gan-an. Orí kẹrin, èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo kọ fún oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ méjèèjì ń yán lórí rẹ̀. Kékeré ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká fo ibí yìí." A fò ó. Kò sí ohun tó sọ nù nínú ìtàn náà.

Ìwé náà ti rìn díẹ̀, kò rìn jìnnà. Àgbà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí, ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó ní nǹkan tó ń fi sétí. Kékeré ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù-sáwọ̀n, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni kì í jẹun nílé. Tábìlì wa mọ́ tónítóní ní agogo méje. Mo lè kọ ìwé mẹ́wàá síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní yọ mí lẹ́nu, mo sì máa ń jókòó síbẹ̀ láìkọ nǹkan kan.

Oṣù kẹta ọdún tí àgbà pé ọmọ ọdún mẹ́wàá la ka ojú ìwé tó kẹ́yìn. Télọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì lọ sílé. Mo pa ìwé dé. Kékeré ní, "Ṣé ó ti tán?" Mo ní ó ti tán. Ó fò sílẹ̀ lórí àga, ó lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Àgbà ò dìde. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ṣí i, ó tún pa á dé.

"Daddy," ó ní. "Nígbà tí ẹ ń... nígbà tí ẹ ń kọ ọ́..."

Ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́. Ó pa omi ẹ̀rọ.

"Nígbà tí ẹ ń kọ ọ́, ṣé mo... ṣé mo máa ń..."

Ó wá ọ̀rọ̀ náà títí, ó wo orí tábìlì, ó wo òkè. Mo jókòó. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó.

"Ṣé mo máa ń dí yín lọ́wọ́?"

Rárá ló wá sí mi lẹ́nu. Ohun tí bàbá ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà wà níbẹ̀, òun ló jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi fún ọdún mẹ́ta, ó mọ bí ó ṣe rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ojoojúmọ́ ni o máa ń dí mi lọ́wọ́."

Ó mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, "Sorry, Daddy."

Nílé wa, bàbá kì í bẹ ọmọ. Bàbá mi, pẹ̀lú gbogbo sùúrù rẹ̀, kò bẹ̀ mí rí, bàbá rẹ̀ kò sì bẹ òun náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé òun kọ́ ni kó máa bẹ̀, pé ìdílọ́wọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ohun tí mo ní, èmi ni mi ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dúró, mo tún bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà nítòsí, ì bá sì yá.

"Má... má bínú, ọmọ mi," ni mo sọ níkẹyìn. Ó pẹ́ gan-an kó tó jáde lẹ́nu mi, ọmọ náà sì dúró dè mí.